Ojú Ẹ̀gà Kò Ṣeé Tàn

Abo ẹ̀gà náà bà sórí imọ̀ ọ̀pẹ. Ó dorí kọ ọ̀tún, ó dorí kọ òsì, ó wo akọ tó ń gbọn apá lábẹ́ ìtẹ́ tuntun, ó sì fò padà sódì kejì odò bí ẹni tó rántí pé òun gbé ìkòkò kaná.

"Ó tún ti lọ," ni Fadérera wí láti orí àkàsọ̀. Kò bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú.

Nísàlẹ̀, Bàbá Akínbòyéwá jókòó sórí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan tó ti dojú dé síbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó gbogbo ará Ìdí-Ọ̀pẹ kúrò nílùú. Ẹ̀gbọ́n ìyá Fadérera ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ó ti bọ́ ìbòmú rẹ̀ sórí itan, ó sì ti fa apá bùbá rẹ̀ bo ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìjọba fi sí i lọ́rùn ọwọ́ láti fi mọ bí májèlé ilẹ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára tó.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìbòmú yín wọ̀. Ẹ sì jẹ́ n rí ẹ̀gbà yín."

"Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀? Funfun ni."

"Funfun wo? Tèmi ti ń pọ́n bí ọsàn, a sì jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni."

Bàbá tún fa apá bùbá náà sílẹ̀ sí i. Òun náà mọ̀ pé bí ẹ̀gbà bá ti pọ́n dé ojú pípọ́n, ọkọ̀ tó gbé wọn wá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ̀ tí kò wọ̀ ọ́, kò tún gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Ó gbé ìbòmú náà wò bí ẹni tó ń wo bàtà ẹlòmíràn, ó sì fi sílẹ̀ níbi tó wà.

"Lójú tèmi, ẹ̀gà ni," ó wí, ó na ìka sí ẹyẹ onírin tó so rọ̀ lábẹ́ ìtẹ́. "Ó pọ́n rúsúrúsú lára, ojú rẹ̀ dúdú, ó ń fì síwá, ó ń fì sẹ́yìn. Bí mo bá pàdé ẹ̀ nínú igbó, n ó kí i."

"Ojú yín kọ́ la fẹ́ tàn, Bàbá."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í. Iṣẹ́ Fadérera ni láti máa ṣe ọwọ́ fún àwọn tí wọ́n gé lọ́wọ́: ọwọ́ onírin tí ń di ṣíbí mú, tí ń de bọ́tìnnì. Nítorí náà ló ṣe gbà pé òun lè ṣe ẹyẹ. Kò mọ̀ nígbà náà pé ọwọ́ rọrùn, nítorí èèyàn ló ń wò ó.

"Ẹ rántí ẹ̀rọ omi ilé wa tó ń jò? Bó bá ń kán, ẹ ó rí ẹ̀kán. Bí a bá ṣí i gan-an, ẹ ò ní rí ẹ̀kán mọ́, okùn omi lẹ ó rí. Ojú ẹyẹ yàtọ̀ sí tiwa. Níbi tí àwa ti ń rí okùn, ẹ̀kán ni wọ́n ṣì ń rí. Ìgbà tí apá ẹyẹ onírin yìí bá lọ tó bọ̀, àwa ní ó ń jó. Lójú abo yẹn, ọ̀mùtí ló ń ti ilé ẹmu bọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Kò sí abo tí yóò fẹ́ ìyẹn."

"Mo ti pààrọ̀ iṣan apá rẹ̀. Ìyẹn ti yá tó báyìí. Síbẹ̀ wọn ò dúró."

Níwájú wọn, odi òkun na gbọọrọ títí ojú kò fi tó o mọ́, àwọn pọ́ǹpù tí ń fa omi kúrò lẹ́yìn rẹ̀ sì ń kùn. Bàbá ń wò wọ́n. "Ìjọba ní bí àkókò òjò bá dé tí ẹyẹ kankan ò bá yé síbí, àwọn ó pa pọ́ǹpù."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Kí òkun wá jẹ ẹ́ tán. Kí n máa na ọwọ́ láti ojú fèrèsé ilé gogoro tí wọ́n kó wa sí pé, lábẹ́ omi yẹn lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni mo ti gbé ìyàwó."

Nígbà kan rí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ tí májèlé bà jẹ́ wò. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀rọ ló kọ́ irọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí ìjọba ṣe dá Òfin Ìtẹ́ sílẹ̀ nìyẹn: ilẹ̀ tí abo ẹ̀gà bá fúnra rẹ̀ yàn, tó sì yé sí, èèyàn lè padà sórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ka gbígbé ẹyẹ ère kọ́ igi léèwọ̀. Ẹ̀rín ni àwọn alábẹ̀wò ìjọba, tí ń lu òǹtẹ̀ fún ilẹ̀ tó bá sàn, ń fi í rín. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì wọn gàdàgbà pé ojú ẹ̀gà kò ṣeé tàn.

Fèrè ọkọ̀ dún. Ẹ̀gbà ọwọ́ Bàbá ti pọ́n lábẹ́ bùbá tipẹ́.

*

Ohun tí Fadérera ń wá, òdì kejì odò ló ti rí i, níbi tí ilẹ̀ ti dára tí àwọn ẹ̀gà pọ̀ bí ewé. Ó fi kámẹ́rà ya akọ kan níbi tó ti ń pe abo, ó sì ń wo àwòrán náà nínú ọkọ̀ bí wọ́n ti ń padà lọ, ó jẹ́ kí ó máa rìn ní pẹ̀lẹ́, ní pẹ̀lẹ́. Ó ti wo irú rẹ̀ láìmọye ìgbà, apá ló sì máa ń wò. Lọ́jọ́ yìí oorun ń kùn ún, orí rẹ̀ ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò lágbára àtiwo apá. Ó kàn ń wo gbogbo ẹyẹ náà lápapọ̀.

Ìgbà náà ló rí i. Akọ náà á kọ́kọ́ yí orí. Ara rẹ̀ á tẹ̀ lé e, á fì díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni apá á tó ṣí. Orí, ara, apá. Ó wá àwòrán ibi tí àṣá ti lé akọ yìí kan náà, ó wò ó: apá ló kọ́kọ́ ṣí, ara tẹ̀ lé e, orí ló gbẹ̀yìn. Apá kan náà ni o, ó sì yá bákan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ni "wá," èkejì ni "sá." Ẹyẹ onírin rẹ̀ ń ṣí apá ṣáájú. Láti ìgbà tó ti so ó rọ̀, ó ti ń fi ẹnu kan náà sọ fún àwọn abo pé kí wọ́n wá, kí wọ́n sì sá.

"Kì í ṣe apá ni wọ́n ń wò," ó wí fún Bàbá. "Ohun tí ẹyẹ náà fẹ́ ṣe ni wọ́n ń wò."

Bàbá ti sùn lọ.

Nígbà tó tún padà dé ìdí ọ̀pẹ náà, òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan ti rẹ ìyẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ẹyẹ onírin náà, ó ti ń ká. Ó fa gbogbo rẹ̀ tu. Egungun irin ṣáṣá ló kù, kò sí ẹ̀wà kankan lára rẹ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ dán ètò tuntun náà, orí ṣáájú apá, wò kí òun tó wọ aṣọ fún un. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí abo kan fi dé. Ó bà. Ó wò. Egungun náà yí orí, ó fì, ó ṣí apá. Abo náà fò sún mọ́ ọn. Ó wọ inú ìtẹ́ tí Fadérera fi koríko hun, ó yọ orí síta, ó tún wọlé.

Fadérera di àkàsọ̀ mú. Kò pariwo. Ó gbé iwájú orí lé igi náà, ó sì sunkún díẹ̀, irú ẹkún tí kì í ṣe ti ayọ̀ tí kì í sì í ṣe ti ìbànújẹ́, ti àárẹ̀ lásán.

Ẹ̀gà kì í dá gbé. Abo kan pe abo méjì, àwọn abo fa àwọn akọ ààyè wá, àwọn akọ gé imọ̀ ọ̀pẹ ní tín-ín-rín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Kò pẹ́ tí ọ̀pẹ náà fi kún fún ìtẹ́, tí ariwo wọn fi bo ohùn pọ́ǹpù mọ́lẹ̀. Wọ́n yé. Ní ilé gogoro tí gbogbo ará Ìdí-Ọ̀pẹ ń gbé, lórí àjà kan ṣoṣo tí wọ́n fún wọn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù kí ẹnikẹ́ni tó ní kí wọ́n di í. Oríyọmí, ọmọ Bàbá, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, ní òun ò ní bímọ sójú òfurufú. Ó ní ọmọ òun yóò mọ erùpẹ̀.

"Fadé," Bàbá wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, "o ti gbé ìlú padà fún wa."

*

Àwọn ọmọ ẹ̀gà pa, wọ́n lajú. Fadérera ki ojú kámẹ́rà kékeré kan bọ inú ìtẹ́ kí ó lè wò wọ́n, kò sì ní ìdí mìíràn ju pé inú rẹ̀ ń dùn lọ.

Ìyá wọn dé pẹ̀lú tata lẹ́nu. Ó gbọn apá lẹ́nu ìtẹ́ bí gbogbo ìyá ẹ̀gà ti ń ṣe. Àwọn ọmọ náà dùbúlẹ̀, ojú wọn là sílẹ̀ kedere, wọ́n ń wò ó. Kò sí èyí tó yanu. Ìgbà tí ìyá fi àgógó kan ọ̀kan lẹ́nu ni ìyẹn tó yanu.

Ó gbé kámẹ́rà náà lọ sódì kejì odò. Níbẹ̀, ìyá kò tíì bà tí àwọn ọmọ fi ti na ọrùn tán. Nígbà tí òjìji àṣá kọjá, gbogbo wọn lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹrẹ̀. Ó padà sí Ìdí-Ọ̀pẹ, ó fi páálí gé òjìji àṣá, ó sì fà á kọjá lókè ìtẹ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gà Ìdí-Ọ̀pẹ gbé orí sókè, wọ́n ń wo àṣá bí ẹni ń wo ewé. Ó ṣe é lórí ìtẹ́ mìíràn, ó tún ṣe é lórí òmíràn. Wọ́n ń ríran. Wọn ò kàn mọ ohun tí wọ́n ń rí ni. Ohun tó ń lọ àti ohun tó ń bọ̀ kò yàtọ̀ lójú wọn.

Ó sọ fún Bàbá nínú ọkọ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ń wo odi òkun títí wọ́n fi kọjá rẹ̀.

"Bí Mojísọ́lá," ó wí níkẹyìn.

"Bí Mojísọ́lá, Bàbá."

Mojísọ́lá ni ọmọ aládùúgbò wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bí ní Ìdí-Ọ̀pẹ lọ́dún tó kẹ́yìn kí wọ́n tó kó wọn kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i, á máa wò ó títí yóò fi bà á lójú. Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ ẹrù ń bọ̀ ní títì, Mojísọ́lá dúró, ó ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ó ń wò ó títí ó fi dé. Bàbá ló gbé e kúrò nílẹ̀.

"Yàtọ̀ sí èmi, ta lo ti sọ eléyìí fún?" Bàbá bi í.

"Kò sí."

"Alábẹ̀wò kì í wo ọmọ. Ìtẹ́ àti ẹyin ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí."

"Bàbá."

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni òfin wí!" Ó pariwo rẹ̀ tán ni ohùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Fadé, ó ti rẹ̀ mí. Irun mi dúdú nígbà tí mo gun ilé gogoro yẹn. Mo ti gbé ojú òfurufú tó. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń kan ilẹ̀ ni mo fẹ́ kú sí. Kí wọ́n jẹ́ kí àwa àgbà nìkan padà. Kí ni májèlé fẹ́ fi wá ṣe tí ọjọ́ orí ò tíì ṣe?"

"Bó bá ṣeé ṣe, n ó fi ẹ̀yìn mi pọ̀n yín lọ. Ṣùgbọ́n òfin ò mọ àgbà, kò mọ ọmọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá lu òǹtẹ̀ fún ilẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n ń fi àjà wa fún àwọn mìíràn tó ń dúró de ilé nínú àgọ́. Oríyọmí náà máa bá wa lọ. Òun àti ohun tó wà nínú rẹ̀."

Bàbá yí ojú sí omi. "O lè má dáhùn gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi ọ́," ó wí. "Ọ̀kan péré. Ìbéèrè ẹni tó pe ẹyẹ, òun nìkan ni mo bẹ̀ ọ́ pé kí o dáhùn bí gbogbo èèyàn ti ń dáhùn rẹ̀."

*

Ìyáàfin Mosúnmọ́lá ni orúkọ alábẹ̀wò náà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rìn bí ẹni tí bàtà rẹ̀ kún fún iyanrìn. Ó kí Bàbá tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó gbé awò sójú, ó wo àwọn ìtẹ́, ó wo àwọn ẹ̀gà tí ń lọ tí ń bọ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ kan egungun irin tó ń fì láàrin wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ̀yin náà gbé ère kọ́ igi. Kò sí ìlú tí mi ò ti rí i. Ó máa ń ṣe mí láàánú." Ó yọ òǹtẹ̀ nínú àpò. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú tí mo ti lọ láti àárọ̀, kò sí èyí tó tilẹ̀ ní ìtẹ́ kan. Ta ló ń tọ́jú ilẹ̀ yìí?"

"Èmi ni, mà," Fadérera dáhùn.

"Arábìnrin, ta ló pe àwọn ẹyẹ wọ̀nyí?"

Gbogbo èèyàn ló mọ èsì rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré lórí àjà: apá ara wọn ló gbé wọn wá. Fadérera ya ẹnu. Ó rí Bàbá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, tó bọ́ fìlà, tó dì í mú sáyà. Kò tíì rí i kí ó bọ́ fìlà níwájú ẹnikẹ́ni rí.

"Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀, mà."

Ó mú ẹ̀rọ kékeré tó fi ń darí ẹyẹ onírin náà jáde. Egungun náà ṣíwọ́ fífì. Lẹ́yìn náà, ó ṣí apá, ara rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó yí orí. Kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Gbogbo ẹ̀gà orí ọ̀pẹ náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo wọn gba ojú ọ̀run, wọ́n sì fò gba orí odò lọ bí ìkùukùu olómi ọsàn. Kò ku ẹyọ kan. Ìtẹ́ ń mì lára imọ̀ ọ̀pẹ. Ohùn pọ́ǹpù padà sétí wọn.

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyáàfin Mosúnmọ́lá. "Kí lẹ ṣe?"

"Mo ní kí wọ́n sá, mà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ní kí wọ́n wá." Fadérera gbé àwòrán inú ìtẹ́ hàn án. Ìyá ti ké gbà-mí-gbà-mí, ìtẹ́ ti mì, àwọn ọmọ ẹ̀gà na ọrùn sókè, wọ́n ń wo ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. "Ẹ wò wọ́n. Ó yẹ kí wọ́n ti lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ yìí ò tíì sàn, mà. Àwọn ìyá wọn kì bá tí wá. Èmi ni mo tàn wọ́n wá."

Alábẹ̀wò náà wá ibi jókòó, kò rí, ó jókòó sórí erùpẹ̀ tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí.

"Ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ ò mọ̀. Kì í ṣe ti Ìdí-Ọ̀pẹ nìkan. Àwọn ìlú tí mo ti lu òǹtẹ̀ fún…" Ó wo òǹtẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹlòmíràn lè ṣe irú nǹkan yìí?"

"Bí èmi bá lè ṣe é, mà, ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti ṣe é."

Ìyáàfin Mosúnmọ́lá fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀ bá ti dá mi lóhùn ní ìrọ̀rùn," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀ bá ti kàn dá mi lóhùn. Mo ti fẹ́ máa lọ sílé." Ó dá òǹtẹ̀ padà sínú àpò, ó sì gbàgbé láti pa àpò náà dé.

Bàbá ti dé fìlà rẹ̀. Ó ti ń lọ sínú ọkọ̀, láìjẹ́ pé fèrè kankan dún.

*

Bàbá àti Fadérera gba ojú omi padà. Nígbà tí wọ́n dé èbúté ilé gogoro, gbogbo ará Ìdí-Ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù: ẹní, ìkòkò, àpótí, àwọ̀n tí wọn ò tíì jù sómi láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọn kúrò nílùú. Wọ́n ń kọrin. Oríyọmí wà níwájú, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Fadérera dìde nínú ọkọ̀ láti sọ fún wọn. Bàbá fa aṣọ rẹ̀, ó mú un jókòó, òun ló sì dìde.

"Wọn ò lu òǹtẹ̀," Bàbá wí.

Orin náà kò dá lójijì. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò tíì gbọ́, ó ń kọ ọ́ lọ.

"Ilẹ̀ náà ò tíì sàn. Ọmọ yìí fẹ́ dákẹ́ nítorí yín. Èmi ni mo ní kí ó sọ òótọ́. Èmi Akínbòyéwá ni mo pàṣẹ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kí ó bínú sí mi."

Fadérera gbé ojú sókè. Ọwọ́ Bàbá wà léjìká rẹ̀, ó wúwo, kò jẹ́ kí ó dìde.

Arúgbó kan tutọ́ sílẹ̀. "Akínbòyéwá, o pa wá," ó wí.

"Mo gbọ́," ni Bàbá dáhùn.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sáàrin wọn, wọ́n sì yí i ká, ohùn wọn ń ga sí i. Fadérera gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, ó gbé ẹrù Oríyọmí karí, ó sì kọjú sí àtẹ̀gùn, nítorí ẹ̀rọ tí ń gbéni ròkè ti kú tipẹ́. Oríyọmí tẹ̀ lé e. Wọ́n gùn ún lọ díẹ̀, wọ́n sinmi, wọ́n tún gùn ún.

"Bàbá mi ò lè pa irú àṣẹ yẹn láéláé," Oríyọmí wí lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. "Mo mọ bàbá mi. Ìwọ ni, àbí?"

"Èmi ni."

Ẹsẹ̀ Oríyọmí dúró. Fadérera náà dúró, kò yíjú padà, ọrùn ń dùn ún. Ó gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó sì ń sunkún láìpariwo. Ó pẹ́ kí ó tó gbọ́ tó nu imú.

"Na ọwọ́ rẹ sí mi," Oríyọmí wí. "Mi ò lè dá dìde."